Shakirat Kò Ní Gbéra Àfi Tí Àgbà Bá Jókòó

Shakirat ń wa bọ́ọ̀sì lórí Stockport Road. Á gba Levenshulme kọjá, á wọ àárín Manchester, á sì yí padà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ kiri bí kò ṣe rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ti fi páàsì àgbàlagbà mi kan ẹ̀rọ, mo fẹ́ kọjá, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ káàárọ̀ o, sà." Mo yíjú. Obìnrin kan ló wà lẹ́yìn dígí awakọ̀, ó fi ìborùn dúdú bo orí. Fìlà mi ló fi mọ̀ pé Yorùbá ni mí. Bẹ́líìtì ti dè é mọ́ àga, síbẹ̀ ó ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ gbá abẹ́ sítíárìn. Ó ní, "Yéè!"

Mo ní, "Má ṣe ara rẹ léṣe, ọmọ mi. Ó ti tó."

"Ẹ wá ibi jókòó sí, sà."

Mo ń lọ díẹ̀díẹ̀, torí ẹsẹ̀ òsì mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Bọ́ọ̀sì kò gbéra. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àwọn tó ń kọ́lé pariwo láti ẹ̀yìn, ó ní, "Dírẹ́bà, kí ló dé? Ṣé ẹnjìnnì ti kú ni?"

Shakirat dá a lóhùn. "Ẹnjìnnì wà láàyè. Bàbá ni kò tíì jókòó."

Gbogbo bọ́ọ̀sì wò mí. Mo jókòó kíá. Ìgbà yẹn ló tó gbéra.

Òyìnbó ni wọ́n ń sọ o. Èmi ni mo ń fi Yorùbá kọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Manchester, kó wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Kó má lọ sí ibi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn tó gbálẹ̀ ọ́fíìsì mọ́jú ń bọ̀ wálé, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń lọ síbi iṣẹ́. Wọn a máa mi orí síra wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ iléèwé ń wọlé, lẹ́yìn wọn ni àwa àgbà. Ará Pakistan wà níbẹ̀, ará Ireland, ará Somalia, àwa náà, àti àwọn tí wọ́n bí bàbá bàbá wọn sí òpópónà yẹn gan-an. Kò sí ẹni tó ń pọ́n ẹnì kan lé. Bí bàtà rẹ bá burú, wọ́n á sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, kódà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú awakọ̀ náà tán. Mo ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti dé ìlú mìíràn. N kò rí irú wọn.

Wọ́n sì máa ń pe gbogbo ènìyàn ní "love". Ọ̀sẹ̀ tí Shakirat kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì, ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọkùnrin kan pe òun ní "love".

Ọláolú ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ọkùnrin wo?"

"Gbogbo wọn ni. Àwọn obìnrin náà."

Ọláolú bá gbé ṣíbí rẹ̀ padà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Shakirat. Bàbá rẹ̀ wa lọ́rì, ó ń kó iṣu láti Òkè-Ògùn lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń jókòó ti bàbá rẹ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí jíà nípa dídún ẹnjìnnì nìkan. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun di sítíárìn mú. Bàbá ní, "Apá obìnrin kò ká a." Ó tún bẹ̀ ẹ́ nígbà tó dàgbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá sọ. Ó lọ di tíṣà.

Ọláolú jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó rí iṣẹ́ sí ọsibítù kan níbí, Shakirat bá a wá. Ó kọ́kọ́ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì dé, obìnrin ló ń wà á. Shakirat dúró nínú òjò, ó ń wo obìnrin náà títí bọ́ọ̀sì fi ti ilẹ̀kùn tó fi í sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ béèrè iṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọ, ó yege. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó jókòó sẹ́yìn sítíárìn, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ padà sórí fóònù: "Mo rí i. Ta ló ń wà á gan-an?"

Kò sí ẹni tí Shakirat kò jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà. Á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín, á sì wí pé, "Wọ́n ń bọ̀ wá kí wa lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n máa wọ̀ ọ́. Orí àga iwájú ni mo máa fi wọ́n sí."

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ Brenda dé, kì í ṣe owó oṣù nìkan ló wà ńlẹ̀.

Iwájú ilé mi ni Brenda Schofield ń gbé. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ dà bí ayùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò, Mrs Schofield ni mo ń pè é. Ó ní bí mo bá tún pe òun bẹ́ẹ̀, òun á gbá mi létí. Láti ìgbà náà, Brenda ni. Nínú bọ́ọ̀sì, Brenda kì í jókòó. Á dúró nítòsí iwájú, á fi ọwọ́ kan di irin mú, á máa wo ojú títì. Bọ́ọ̀sì lè yí bó ṣe fẹ́, kì í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Shakirat kò mọ èyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, mo wà lórí àga kejì.

Brenda wọlé, ó dúró. Bọ́ọ̀sì kò gbéra.

Shakirat ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Èmi kì í ṣe mama rẹ."

"Ẹ jókòó, mà, kí n lè gbéra."

"Gbéra. Mo ti ń dúró nínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ jókòó, mà."

Mo fi ọwọ́ bo ojú. Nílé wa, bí o bá sọ fún ènìyàn pé ó ti dàgbà, o yẹ́ ẹ sí ni. Níbí, o bú u. Shakirat rò pé òun ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Brenda gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n wọn pósí fún.

Àwọn kan ń pariwo pé, "Brenda, jókòó jàre!" Àwọn mìíràn ní, "Máa wà á lọ, love!" Bọ́ọ̀sì mìíràn dé sẹ́yìn wa, ó ń fọn fèrè. Rédíò inú ọkọ̀ ń béèrè pé kí ló dá a dúró. Shakirat gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, Brenda sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ nínú òjò. Ó délé, ó fóònù iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.

Shakirat ṣì wà ní probation, ìyẹn ìgbà ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n lè dá a dúró nígbàkígbà.

Ọ̀gá gáréèjì wọn ni Akíndèjì. Ibí ni wọ́n bí i sí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ara àwọn tó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn òmìnira. Akíndèjì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń tì í lójú láti sọ ọ́. Ó pe Shakirat. Ó ní kì í ṣe pé dídúró de àgbà burú. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, kó dúró dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ dúró, tó di irin mú, kó wa ọkọ̀ lọ. Kó ṣèlérí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá ṣèlérí, kó wá lọ́jọ́ Friday, kó mú ẹnì kan dání tó máa jókòó tì í, wọ́n á fi òpin sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọláolú wá pè mí. "Bàbá Níkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Mo lọ. Wọ́n fún mi ní oúnjẹ, mo jẹ ẹ́. Mo ní, "Shakirat, ṣèlérí fún un. Ẹnu lásán ni."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n parọ́ ni?"

Mo mu omi.

Ọláolú ní, "Àwọn fúnra wọn ló ní àwọn ò jókòó. Bí wọ́n bá ṣubú, ẹjọ́ wọn ni."

"Àgbà lè sọ ohun tó bá wù ú. Èmi ni mo di sítíárìn mú. Nínú dígí mi ni wọ́n á ṣubú sí."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Wọ́n á dé, wọn ò ní bá ọ lórí ọkọ̀."

Shakirat dìde. Mo rò pé ìyẹn ti mú un. Ó kó àwo wa nílẹ̀, ó gbé e lọ sí ibi ìfọwọ́, ó sọ̀rọ̀ láìyíjú padà. "Kí wọ́n bá mi nílé. Mi ò ní máa wa ọkọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé torí kí wọ́n lè bá mi lórí ẹ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá, wọ́n ní kí n mú ẹnì kan dání. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ kejì mo kan ilẹ̀kùn Brenda. Ó ṣí i, kò ní kí n wọlé.

Mo ní, "Wọ́n fẹ́ lé ọmọ yẹn lẹ́nu iṣẹ́."

"Ta ló ní kí wọ́n lé e?"

"Ẹjọ́ tí o fi sùn ni."

"Mo ní kí wọ́n bá a wí ni! Mo ní olórí kunkun ni, olórí kunkun náà sì ni. N kò ní kí ọ̀gá kankan fi mí ṣe pàṣán." Ó wo mí bí ẹni pé èmi ni ọ̀gá náà. "Ṣé o mọ iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà ọmọge?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ọdún gbogbo tí a ti ń gbé òdìkejì ara wa, n kò béèrè rí.

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ó gbé àpò owó kọ́rùn, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń gun òkè bọ́ọ̀sì, ó ń sọ̀kalẹ̀, láti àárọ̀ títí di alẹ́, láìdi nǹkan kan mú. Ó fẹ́ wa bọ́ọ̀sì náà. Ó lọ béèrè. Fọ́máànù wọn rẹ́rìn-ín, ó ní apá obìnrin kò lè yí sítíárìn ńlá bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá Shakirat fún un, bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Brenda ní, "Ọkùnrin kan náà ni. Ìlú ló yàtọ̀." Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. N kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ní Friday, yàrá kékeré kan ni wọ́n mú wa wọ̀, lókè gáréèjì. Tábìlì kan, àga mẹ́ta. Akíndèjì kí mi dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́. A jókòó. Ó ń la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Brenda wọlé. Ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára. Kò sí ẹni tó pè é.

Akíndèjì ní, "Mrs Schofield, ìpàdé ìkọ̀kọ̀ nìyí."

"Ẹjọ́ mi ni. Mo wá gbọ́ ọ." Ó lọ dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ kan dì í mú.

Akíndèjì dìde. Ó fa àga tirẹ̀ jáde, ó yí i sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Rárá."

Òun náà kò jókòó mọ́. Ó dúró, ó mú báírò, ó gbé e kalẹ̀, ó tún un mú. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jókòó kí a lè bẹ̀rẹ̀." "Mà" yẹn, Yorùbá ni. Ó yọ lẹ́nu rẹ̀, kò mọ̀.

Shakirat ní, "Ẹ máa bẹ̀rẹ̀, sà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dúró. Wọ́n ti di nǹkan mú."

"Mi ò lè jókòó kí n máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àgbà—"

Ó pa ẹnu dé.

Mo wo àjà. Nísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì kan ń padà sẹ́yìn, ó ń ké pìì-pìì-pìì. Brenda ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ikọ́.

Ó ní, "N kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o. Ó bí mi nínú, ó ṣì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n gbọ́. Nígbà tiwa, awakọ̀ kan kò jẹ́ gbéra tí mi ò bá tíì lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa kọ́kọ́ wò wọ́n. Ìyá arúgbó ti jókòó, aláboyún ti jókòó, ọmọ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni mo máa lù ú. Kò sí ọ̀gá tó fi rédíò bi mí léèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ lé àwa kọ̀ńdọ́kítọ̀, ẹ kó iṣẹ́ wa lé awakọ̀ lórí, ẹ wá ń bá a jà torí ó ń ṣe é."

Shakirat ní, "Ẹ̀yin náà máa ń dúró de àgbà nígbà náà, mà."

"N kò dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń pàṣẹ."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Má pè mí ní mà."

Akíndèjì fi ọwọ́ pa iwájú orí. Ó bi Shakirat léèrè, ó ní kó ronú dáadáa kó tó dáhùn. "Bí ó bá wọ bọ́ọ̀sì rẹ tó dúró, ṣé wàá gbéra?"

"Rárá, sà."

Ó yíjú sí Brenda. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa jókòó?"

"Rárá."

Ó wo èmi. Mo ń wo àjà.

Ó ní òun kò lé Shakirat lónìí. Ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Monday. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá tún dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ènìyàn fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ ti ìparí, ó ń kólòlò: "Ẹ má... ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí o."

Ní Monday, mo rìn lọ sí ibùdókọ̀ tó ṣáájú tiwa kí n lè wà nínú rẹ̀. Shakirat kí mi. Kò gbìyànjú láti kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a sún mọ́ ibùdókọ̀ wa, mo rí Brenda láti òkèèrè, ó na ọwọ́ síta. Shakirat lè kọjá bí ẹni tí kò rí i. Kò kọjá. Ó dúró, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀."

Brenda kò jókòó. Ó yíjú sí wa, ó wo bọ́ọ̀sì láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wo àgbàlá rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, gbé báàgì rẹ kúrò lórí àga yẹn, kò san owó ọkọ̀. Love, jókòó síbẹ̀. Ìwọ, fa kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn wọlé dáadáa." Gbogbo wọn ṣe bó ṣe wí. Nígbà tí kò sí àgbà kankan lórí ìdúró mọ́, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì agogo, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ́ọ̀sì kò gbéra.

Brenda ní, "Mo ti lù ú."

"Mo gbọ́, mà. Ó ku ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Kọ̀ńdọ́kítọ̀."

Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Shakirat kò dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárìn, kò wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin tó máa ń wọ aṣọ àwọn tó ń kọ́lé dìde. Ó ní, "Brenda, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run. Wọ́n ń retí mi níbi tí a ti ń kọ́lé."

"Jókòó!" ni Brenda wí fún un. "Ṣé o fẹ́ kó pẹ́ ni?"

Ó jókòó.

Brenda sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí. Àga iwájú wà lábẹ́ bọ́tìnnì náà. Ó gbé ìdajì ìdí lé e. Ẹsẹ̀ kan wà ní àárín ọ̀nà, ọwọ́ kan wà lórí irin, kí ẹnikẹ́ni má baà lè búra pé ó jókòó. Ó tún lu agogo lẹ́ẹ̀mejì.

Shakirat wò ó nínú dígí. Ó wo ìdajì tó wà lórí àga, ó wo ìdajì tó wà níta. Ó tú bíréèkì. Ó fi ìka kan tẹ rédíò, ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Mo ń lọ."

A gbéra.

Ní Piccadilly, láàárín ìlú, gbogbo wọn dúpẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Brenda ló gbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí awakọ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"O pẹ́," ló wí.

Shakirat ní, "Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló lu agogo, mà."